Afárá Tó Yà Fún Ọkọ̀

Ọkùnrin náà wọ awò dúdú, ó fa fìlà bo iwájú orí, ó dúró sẹ́yìn gbogbo èrò bí ẹni tó jí adìẹ gbé. Amọ̀nà rí i. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí o, torí ojú ò sí níta. Ṣòkòtò rẹ̀ ló rí. Oòrùn ń mú ganrínganrín, gbogbo àlejò tó kù gbẹ bí igi ìdáná, eléyìí nìkan ló tutù dé orúnkún, tí omi ń kán tó, tó, tó sórí òkúta.

Amọ̀nà là ń pe ọmọbìnrin náà, torí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń ti ìlú ńlá wá rìn létí odò yẹn. Wọ́n á wo ilé ọlọ àtijọ́ tí ewéko ti gùn dé òrùlé, wọ́n á gba abẹ́ igi bọ̀ síbi afárá olókùúta, Amọ̀nà á sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Bàbá rẹ̀, Bàbá Afárá, ló ń tọ́jú afárá àti ilé kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bíríkìlà tó mọ afárá yẹn láyé àtijọ́, ẹbí wọn ni.

"Kò sí afárá nígbà yẹn," ni Amọ̀nà ń wí. "Atukọ̀ kan ló ń gbé èèyàn kọjá, olójúkòkòrò paraku. Tó bá gbé ẹ dé àárín odò, á fi àjẹ̀ sílẹ̀, á ní owó ti lé. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìyàwó tuntun. Ìyàwó ò rí owó san, ló bá dà á sódò! Ìdí tí bàbá ńlá mi fi mọ afárá nìyẹn."

Àwọn àlejò ṣe háà. Aláwò Dúdú nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó yẹn, ṣé ó kú?"

"Rárá. Ó lúwẹ̀ẹ́ jáde."

"Ẹni tó mọ odò wẹ̀ tó báyẹn, kí ló ń wá nínú ọkọ̀?"

Ẹ̀rín bú. Amọ̀nà wo ṣòkòtò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibi tẹ́ ẹ dúró sí nìkan lòjò ti rọ̀ ni?"

Aláwò Dúdú tún fa fìlà rẹ̀ sílẹ̀ sí i. Ó yọ́ lọ. Atukọ̀ ni. Ọmọ Ìyá Ọlọ́kọ̀ tó ń gbé àwọn àlejò padà lórí omi lẹ́yìn tí wọ́n bá rìn tán ni, olójúkòkòrò inú ìtàn yẹn sì ni bàbá ńlá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ pé wọ́n ń bú bàbá ńlá òun lókè afárá. Ó ní kóun fetí ara òun gbọ́ ọ.

Ẹ má tíì káàánú ẹ̀. Òun náà ní ìtàn tiẹ̀. Àárín afárá yẹn ò gún, ó tẹ̀ sápá kan bí ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé. Tí ọkọ̀ bá dé abẹ́ ẹ̀, Atukọ̀ á nàka sókè: "Ẹ wò ó! Ọ̀mùtí ni bíríkìlà yẹn. Ó mọ ọ́n láti apá ọ̀tún, ó mọ ọ́n láti apá òsì, nígbà tó dé àárín, àwọn méjèèjì ò rí ara wọn mọ́!"

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wọ ọkọ̀, ó fi gèlè bojú dé imú, ó jókòó síwájú láìsọ̀rọ̀. Ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé afárá ń dún ṣaworo-ṣaworo nídìí rẹ̀. Atukọ̀ rẹ́rìn-ín sínú. Ó sọ ìtàn ọ̀mùtí rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò yọ ẹyọ kan.

Gèlè yẹn mì tìtì. Bóyá ìbínú ni, bóyá ẹ̀rín ni. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ẹsẹ̀ afárá.

"Bọ̀dá atukọ̀, kí ni ìyẹn?"

Díẹ̀ lókè omi, àwọn ilà kan wà lára òkúta, wọ́n jìn tó ìka ọwọ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.

"Ojú okùn ni. Ibi tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Okùn ló jẹ òkúta bẹ́ẹ̀."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ọkọ̀ ta ló tún wà lódò yìí bí kò ṣe tiwa?"

"Ọkọ̀ yín, lára afárá wa? Kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Atukọ̀ gbé àjẹ̀ dúró. Láti kékeré ló ti ń gba abẹ́ afárá yẹn kọjá, ẹnikẹ́ni ò bi í rí.

Ìbéèrè yẹn ló dá ìrìn sílẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á rìn láti ilé ọlọ dé ibi tí odò ti ṣẹ́rí, wọ́n á máa jiyàn. Wọ́n wo òkè tí wọ́n ti gé òkúta afárá: ó wà ní òdìkejì, lókè odò, ojú ọ̀nà tí ẹrù lè gbà ò sí níbẹ̀ àyàfi orí omi. Nígbà tó yá, wọn ò wo òkè mọ́.

"Olójúkòkòrò mi," ni Amọ̀nà á wí, "ọwọ́ mi kan ti wà lọ́wọ́ ẹ, o tún ń wá ìkejì?"

"Owó ti lé, ọmọ ọ̀mùtí."

Lálẹ́, Bàbá Afárá á wo orí ọmọ rẹ̀. "Kí ló mú irun ẹ tutù?"

"Òógùn ni, Bàbá. Ìrìn pọ̀ lónìí."

Nígbà tó yá, Atukọ̀ wọ ṣòkòtò gbígbẹ, ó lọ kanlẹ̀kùn ilé afárá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ tẹnu ẹ̀.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni mí, sà."

"Ọmọ mi ò ní fẹ́ sílé àwọn tó da ìyàwó sódò."

"Ìyàwó yẹn lúwẹ̀ẹ́ jáde, sà."

"Ìwọ náà, jáde!"

Ó bẹ bàbá pé kó wá wo ojú okùn lábẹ́ afárá. Bàbá ní orí ilẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, òun ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ rí, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Nílé, Ìyá Ọlọ́kọ̀ ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Àwọn tó ń fi wá ṣẹ̀sín láràárọ̀, àwọn ni kí n máa pè ní àna? Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, odò yìí á gbẹ!"

Bàbá Afárá bá fi ọ̀rọ̀ dé e ládé: tí oṣù bá ti parí, Amọ̀nà ń lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní ìlú ńlá. Wọ́n ti bá a wáṣẹ́ sílé ìtajà. Ibi tí kò sí odò.

Oṣù ti fẹ́ẹ̀ parí nígbà táwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ pààrọ̀ òkúta orí afárá wá sọ fún Amọ̀nà pé àwọn máa ti ọ̀nà lọ́jọ́ báyìí. Amọ̀nà ní òun gbọ́. Ó gbàgbé láti sọ fún bàbá rẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, mo ní ó gbàgbé ni.

Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Afárá ti sọdá ní kùtùkùtù lọ ra ọ̀dà. Nígbà tó ń bọ̀, pákó ti dábùú ẹnu afárá. Àwọn àlejò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé afárá lódìkejì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ó wo pákó. Ó wo omi. Ó gbé ọ̀dà rẹ̀ mọ́ àyà, ó wọ ọkọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Afárá," ni Ìyá Ọlọ́kọ̀ wí, bó ṣe ń gbowó. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyàwó nìkan la máa ń dà sódò."

Bàbá jókòó. Ó di etí ọkọ̀ mú bí ẹni di etí màlúù.

Wọ́n ti ń sún mọ́ afárá nígbà tí ìyá àgbà kan láàárín àwọn àlejò gbóhùn sókè. "Atukọ̀, ìtàn ọ̀mùtí yẹn dà? Ọmọ mi ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lẹ́rìn-ín!"

Bàbá Afárá wo Atukọ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn. Tó bá sọ ọ́, ó pàdánù Amọ̀nà. Tí kò bá sọ ọ́, ìyá ẹ̀ á ní ó ti ta ẹbí rẹ̀.

Ó rọra wà á títí ọkọ̀ fi fara kan ẹsẹ̀ afárá.

"Ìyá, bíríkìlà yẹn ò mutí. Ẹ wo òkè lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni òkúta yìí ti wá. Kò fẹsẹ̀ rìn wá. Ọkọ̀ ló gbé e, ọkọ̀ bàbá ńlá mi, ojú okùn ẹ̀ nìyí. Odò yìí, abẹ́ ibi tá a wà yìí ló jìn jù. Ká ní bíríkìlà mọ afárá ẹ̀ tààrà ni, àárín ibi tó jìn ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ì bá bọ́ sí, ọkọ̀ ì bá má rọ́nà kọjá mọ́, atukọ̀ ì bá sì má ríṣẹ́ ṣe mọ́. Ìdí tó fi tẹ̀ nìyẹn. Ó yà fún ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Bàbá Afárá gbé ọ̀dà sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ki ìka kan bọ ojú okùn, ó wọlé rẹ́gí. Ó gbójú sókè. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi gbá orí afárá yẹn, kò rí ikùn ẹ̀ rí.

"Ìyá Ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin mọ̀ pé èyí wà níbí?"

"Ojoojúmọ́ la ń rí i," ni ìyá wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "A ò wò ó ni."

"Ta ló wá wò ó?"

"Ọmọ yín ni, sà," ni Atukọ̀ dáhùn.

Atukọ̀ wa ọkọ̀ lọ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀. Amọ̀nà ti dúró ní èbúté, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé.

"Ìwọ," ni Bàbá Afárá sọ fún Atukọ̀, "ọmọ mi ò mọ odò wẹ̀ o."

"Ó ti mọ̀ ọ́n, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó wo irun orí ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Òógùn, àbí?"

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn tí iṣẹ́ afárá parí. Àríyànjiyàn díẹ̀ wà: ṣé orí afárá ni ìyàwó máa gbà ni, àbí orí omi? Wọ́n ní kó rin afárá dé òpin, kó wá wọkọ̀ padà lọ sílé ọkọ rẹ̀. Bàbá Afárá jókòó síwájú. Ìyá Ọlọ́kọ̀ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó, ó ní òun lòun máa wà á lónìí.

Àárín odò ni wọ́n dé tí ìyá fi àjẹ̀ sílẹ̀, tó kawọ́ mọ́ àyà.

"Ìyàwó, owó ti lé o."

Ìyàwó ká aṣọ funfun rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀.

"Kò burú, Màámi. Ẹ bá mi di bàtà mi mú."

Bàbá Afárá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó di etí ọkọ̀ mú dáadáa ná.