Kí Díráìfù Kejì Tó Wọlé, Ẹ Dáàbò Bo Ti Àkọ́kọ́

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì agbẹ̀bí wa kún fọ́fọ́. Orúkọ gbogbo ọmọ tí ó ti gbẹ̀bí wọn láti ọdún mọ́kànlá, àti ìtọ́jú tí ìyá kọ̀ọ̀kan gbà, inú rẹ̀ ni wọ́n wà. Ó ra díráìfù SSD tuntun, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ pamọ́, kí àyè lè gbà á sí i, ó sì pe atúnkọ̀ǹpútàṣe kan tí àdúgbò ń pè ní Mọ̀ọ́tán.

Mọ̀ọ́tán kò tilẹ̀ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná kí ó tó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó de díráìfù náà mọ́ ọn, ó ki wáyà iná àti wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, ó tan ẹ̀rọ. Díráìfù tuntun kò hàn.

"Màmá, ti àtijọ́ ló ń bá a jà. Àfi kí n nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò."

"Nu kí ni kúrò? Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ máa tún wọn kọ."

"O ò kúkú ní kí n tún wọn bí! Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹ̀ nígbà àkọ́bí ń bọ̀ wá rọbí lọ́sẹ̀ yìí. Inú ibẹ̀ ni ohun tá a fi dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró wà!"

Ọwọ́ Mọ̀ọ́tán ti ń lọ sórí bọ́tìnì tí yóò nu gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ agbẹ̀bí, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, wọlé.

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀! Ìyàwó wa, o sì jókòó tí ò ń wò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ó mọ̀ ọ́n ni."

"Kí ló mọ̀? Díráìfù tuntun ò ní hàn títí a ó fi pèsè àyè inú ẹ̀. Ṣé nítorí pé a ò tíì sọ ọmọ tuntun lórúkọ la ó ṣe pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń to orúkọ àwọn díráìfù rẹ̀ sí lójú kọ̀ǹpútà. Tuntun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi ìwọ̀n àyè rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, kí ó má baà ṣi ti àtijọ́ mú, ó pèsè rẹ̀, ó fún un lórúkọ. Ó hàn kedere.

Mọ̀ọ́tán fọwọ́ nu ojú. "Ẹ má bínú, mà. Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn."

"Gbogbo èèyàn kẹ̀!" Agbẹ̀bí dìde fùú. "Iṣẹ́ ayé èèyàn mélòó lo ti nù dànù báyìí?"

Mọ̀ọ́tán kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tó fún wa ní ọgbọ́n kò ní ká máa fi ojú wo òfò. Ẹ da ohun tó ṣe pàtàkì kọ síbòmíràn ná. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná kí ẹ tó tú u. Bí díráìfù kejì kò bá hàn, ẹ yẹ wáyà rẹ̀ wò, kí ẹ sì pèsè rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ nu tiyín, ẹ bi í léèrè ìdí. Bí kò bá lè ṣàlàyé kó yé yín, ẹ fi ọ̀nà ìta hàn án.