Nọ́ńbà Mẹ́rìnlélógójì

Nígbà tí Orrin Haskett jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ibùsùn Lyle Prewitt ti tutù. Ó nawọ́ sí ìṣó ara ògiri níbi tí aago àpò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé máa ń wà, ìṣó nìkan ló bá. Ó gbé tìmùtìmù tó ń sùn lé sókè. Ìwé kékeré tó kọ gbogbo nọ́ńbà ẹgbẹ́ sí ti lọ.

Ọdún 1894 lèyí, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Pellworth, ní Iowa, ní Amẹ́ríkà. Orrin ni balógun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, tí ọkùnrin mọ́kànlá á máa forí sọ ọkùnrin mọ́kànlá. Bí balógun bá ti ké nọ́ńbà kan, àwọn èèyàn rẹ̀ ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ẹni tó bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́, ó ti ní Pellworth lápò. Wọ́n ti borí lẹ́ẹ̀meje lọ́dún náà, ìdíje kan péré ló kù, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Stannard, ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́, àjọ̀dún wọn lóṣù Kọkànlá.

Lyle ni akọni wọn. Ó dé lóṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nìkan, kò níbi tó máa sùn, Orrin sì mú un wálé. Almira, màmá Orrin, opó tó ń ránṣọ fún aráàlú, ló rán ẹ̀wù kánfáàsì tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun ló ń bá a fi omi gbígbóná jó orúnkún. Ẹran tó ń bù fún un pọ̀ ju ti ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ.

"Bóyá ó jáde lọ nasẹ̀ ni," màmá wí.

"Màmá, aago bàbá mi ò sí níbẹ̀ mọ́."

Màmá wá ìjókòó, ó jókòó.

Dókítà Whitcomb, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, tẹ wáyà sí ìlú tí Lyle ní òun ti wá. Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà: Lyle Prewitt ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, ibà ló pa á.

"Ta lo mú wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mi?" Dókítà bi Orrin.

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé ìbúra pé akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn."

"Mo rò pé òótọ́ ni, sà."

"Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ìwọ lo ta ìwé yẹn fún Stannard, pé ẹ jọ dì í ni."

Àwọn tó ń fi èjìká ti Orrin lẹ́yìn lórí pápá ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Mú un wá kí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tó kọjá," Dókítà wí. "Bí o ò bá mú un wá, kó ẹrù rẹ."

Oṣù méje péré ló kù kí Orrin gboyè. Ọdún mẹ́rin ni màmá rẹ̀ ti fi ń ránṣọ kí ọjọ́ yẹn lè dé. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Lyle yìí kò tiẹ̀ fi mọ lórí ata, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Orrin àti Dorsey, ọlọ́pàá ìlú, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Marlow, níbi tí akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Lyle gbà lọ. Wọ́n bá onígbàjámọ̀ kan tó ń gbálẹ̀.

"O gẹrun fún àjèjì kan?" Dorsey bi í.

"Irun rẹ̀ gùn bíi ti gbogbo ẹ̀yin agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí, tẹ́ ẹ fi ń ṣe ìrọ̀rí fún orí. Ó ní kí n gé e kanlẹ̀."

Orrin wo irun pupa tó wà nílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. "Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni."

Wọ́n sáré dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ti ń lọ, Lyle sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orí rẹ̀ ń dán. Ó rí Orrin. Ó juwọ́ sí i bí ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sí kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ náà sáré lọ, wọn ò rí i mọ́ títí di Ọjọ́ Ìdúpẹ́.

Lọ́jọ́ náà, lórí pápá Stannard, gbogbo nọ́ńbà tí Orrin bá ké ni àwọn ará Stannard ti ń dè é. Ó yí wọn padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbàgbé tuntun, wọ́n ń ṣe ti àtijọ́. Stannard ti fi àmì méjìlá síwájú.

"Balógun, ké òmíràn," ẹnì kan nínú àwọn Stannard fi ṣe yẹ̀yẹ́. "A ti mọ ìyẹn lórí."

Ọ̀kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Cutler lorúkọ tí wọ́n kọ fún un. Wọ́n fá orí rẹ̀, ó sì fi eyín di ìbomú rọ́bà dúdú tó bo ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n mú. Orrin ń wo bó ṣe ń rìn. Ó jọ ìrìn Lyle.

"Ẹ ní kó bọ́ nǹkan ojú rẹ̀, sà," ó sọ fún rẹfirí.

Balógun Stannard já a gbà. "Imú ẹ̀ ti kán. Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

"Mi ò lè ṣí èèyàn lójú torí pé o fura," rẹfirí wí.

Orrin fa rẹfirí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun àti Dorsey tó bá wọn wá. "Nọ́ńbà kan wà, sà, tí èmi àti Lyle jọ dá lẹ́yìnkùlé màmá mi. Ẹgbẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Mi ò kọ ọ́ síwèé. Màá ké e, bọ́ọ̀lù ò ní kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá sáré sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ṣí òun lójú."

Rẹfirí wo Dorsey. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Orrin padà sí ààyè rẹ̀. Ó rántí ẹ̀yìnkùlé náà, okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, òun á díbọ́n lọ sósì, Lyle á sì bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ aṣọ lọ sọ́tùn-ún, tí màmá á mú aago dání, á máa rẹ́rìn-ín. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré.

"Mẹ́rìnlélógójì!"

Ọkùnrin mẹ́wàá Stannard dúró gbagidi, wọ́n ń wo ara wọn. Cutler nìkan ló tẹ̀ba, tó já sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó sáré tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin kó tó rí i pé òun nìkan lòun ń sáré. Ohun tí ẹsẹ̀ bá fi oṣù méjì kọ́, kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Ó yí padà kó sá, Dorsey ti wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ìbomú náà yọ, eyín iwájú kan ò sí. Orrin ló fi ìgúnpá yọ ọ́ níbi ìdánrawò, tó bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n bá aago náà nínú kóòtù rẹ̀.

"Orúkọ?" Dorsey bi í.

"Gus Rademaker."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì mélòó lo ti gbá bọ́ọ̀lù fún?"

"Mẹ́ta lọ́dún yìí."

"Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?"

"Ilé kan náà lèmi àti Prewitt ń gbé nígbà tó kú. Kò lò ó mọ́."

Dókítà Whitcomb bọ Orrin lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "O mọ̀ pé ìdíje méje náà ti di òfo. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ pa wọ́n rẹ́, sà."

Màmá ti sọ̀kalẹ̀ láti ibi ìjókòó òǹwòran. Ó gba aago, ó gbé e sétí, ó ń ṣiṣẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Gus, tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Gus ń wo bàtà rẹ̀.

Orrin mọ̀ pé kò yẹ kí òun béèrè, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti rí àwọn mẹ́wàá tó dúró. Ó fẹ́ kí nǹkan kan wà tí ọkùnrin yìí dá sí nítorí tàwọn.

"Gbogbo nọ́ńbà lo tà fún wọn. Kí ló dé tí o ò ta mẹ́rìnlélógójì?"

Gus gbé ojú sókè, bíi pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu.

"Wọn ò béèrè," ó wí.