Òfin Ní Kí N Fojú Ara Mi Rí I

Eruku pákó ló kọ́kọ́ wọlé kí ọkùnrin náà tó wọlé. Ó bò ó lórí, ó bò ó ní ìpéǹpéjú, ó sì ń jábọ́ sórí ilẹ̀ ilé oògùn tí apoògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn. Apoògùn náà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ, fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú tó wà lábẹ́ eruku, ó gbàgbé ilẹ̀. Ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni. Ó sì tún dára ní wíwò, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Káfíńtà ni. Ó gbé ìgò oògùn kan tó ti ṣófo kalẹ̀, ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá òun ni, ó ti tán, orí ń fọ́ ìyá, òòyì sì ń kọ́ ọ. Dókítà tó ń kọ ọ́ fún un ti rìnrìn-àjò. Ó bẹ apoògùn pé kó ṣáà fún òun ní odindi ìgò kan.

Apoògùn fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló ń kọ ọ́, a kì í tà á lásán. Ṣùgbọ́n òfin ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì: bí dókítà bá ti kọ oògùn náà fún aláìsàn rí, tí kò sì sí bí a ṣe lè rí dókítà, apoògùn lè fún un ní ìwọ̀nba tí yóò máa lò títí dókítà yóò fi dé. Kìkì pé apoògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí aláìsàn fúnra rẹ̀.

"Àjà kẹta là ń gbé," ni káfíńtà wí. "Orúnkún ò jẹ́ kí ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ ṣáà gbà mí gbọ́."

"Mo gbà yín gbọ́. Òfin ní kí n fojú ara mi rí i." Apoògùn ti ń wá kọ́kọ́rọ́. "Ẹ ṣíwájú, ká lọ."

Ẹnu ya káfíńtà. Wọ́n gun àtẹ̀gùn náà títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú apoògùn, wọ́n bá ìyá lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Apoògùn bi í bó ṣe ń lo oògùn náà àti ohun tó máa ń ṣe lára rẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀. Kò dìde títí ìyá fi gbé ti ọjọ́ yẹn mì. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì káfíńtà wá dúpẹ́, ó mú ìgbálẹ̀ dání, ó gbá eruku rẹ̀. Ó tún wá dúpẹ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Oore kan ṣoṣo, ọpẹ́ rẹ̀ ò tán! Nígbà tó rí i pé apoògùn máa ń na ẹsẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ tó tó pẹpẹ òkè, ó kan àpótí ìtìsẹ̀ fún un. Ó ń pè é ní Ìyá Òfin, òun náà ń pè é ní Baba Pákó. Kò pẹ́ tí ìyá fi ń pe apoògùn ní ìyàwó mi.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tí oorun kọ ìyá sílẹ̀. Dókítà ò tún sí nílé. Káfíńtà fọwọ́ sọ̀yà fún ìyá rẹ̀ pé kó má ṣe ìyọnu, ẹni tiwọn ló wà ní ilé oògùn. Ó lọ béèrè oògùn oorun tí dókítà ti fún ìyá nígbà kan rí. Apoògùn mi orí. Ó ní oògùn oorun ò gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré yẹn, dókítà nìkan ló lè fọwọ́ sí i, òun máa lọ wo ìyá, ṣùgbọ́n òun ò ní fún un.

"Ìyá mi ni, kì í ṣe ará ìta," ni káfíńtà wí. "Bí o bá fẹ́ràn mi, wàá fún un."

"Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò ní fún un."

Káfíńtà jáde, kò wẹ̀yìn. Ìyá bínú ju ọmọ lọ. Ó ní ẹni tó fi oorun du òun lónìí, ṣé ó máa bu omi fún òun lọ́jọ́ alẹ́? Ó ní kí ọmọ òun wá ìyàwó síbòmíràn. Ó dun apoògùn wọra. Nígbàkigbà tó bá gun àpótí ìtìsẹ̀ yẹn, ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń kún fún omi.

Dókítà dé, ó yẹ ìyá wò, ó tún oògùn rẹ̀ ṣe, oorun padà. Ṣùgbọ́n oorun ìyá ló padà o, ti ọmọ lọ. Pákó kan náà ni káfíńtà ń fá lójoojúmọ́ títí ó fi fẹ́lẹ́. Ìyá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn ilé oògùn ṣí. Ìyá tí orúnkún ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ni, ó fi ara ti ọmọ rẹ̀, òógùn bò ó. Apoògùn sáré gbé àpótí ìtìsẹ̀ fún un kó jókòó.

"O ní òfin ní kí o fojú ara rẹ rí aláìsàn," ni ìyá wí nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀. "Mo mú un wá. Kò jẹun, kò sùn. Wò ó dáadáa."

Apoògùn wò ó. Ó ti rù.

"Mo bínú sí ọ," ni ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ṣùgbọ́n mo rò ó. Ẹni tí ìfẹ́ ọmọ mi ò lè mú kó rú òfin, kò ní dalẹ̀ ọmọ mi. Ìwọ náà lo sì gun àtẹ̀gùn wá bá mi nígbà tí orí ń fọ́ mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́, ọmọ mi."

Káfíńtà ò lè gbé ojú sókè. "Mo fẹ́ fi ìfẹ́ ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Má bínú. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Apoògùn nu ojú rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti kọ irú oògùn yìí fún ọ rí?"

"Rárá o."

"A jẹ́ pé òfin ò gbà mí láyè láti fún ọ ní ìwọ̀nba."

"Ìwọ̀nba kọ́ ni mo wá gbà," ni káfíńtà wí. "Odindi ni."

Ẹ̀rín àti ẹkún bọ́ lẹ́nu apoògùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ó dáa. Gbà á."

Ìyá ní inú òun dùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé òun gun àtẹ̀gùn padà? Wọ́n mú un lápá ọ̀tún, wọ́n mú un lápá òsì. Kí apoògùn tó ti ilẹ̀kùn, ó bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù láàárọ̀ yẹn. Eruku pákó ti kún un. Ó fi í síbẹ̀.