Ẹni Tó Ń Sin Dádì Wálé

Ẹlẹ́rìí èké mọ ibi tí òun ń lọ, èmi kò sì fẹ́ bá a dé ibẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo rí nìkan ni n óò sọ. Èyí tí kò yé mi, n óò fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a. Ilé wa ní Festac ló ti ṣẹlẹ̀, ní ojúmọmọ, kì í ṣe lójú àlá.

Bímpé ni orúkọ mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa, mo sì fẹ́ràn fíìmù àwọn akọni alágbára. Àwọn kan nínú ìjọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì kò lè wọ bàtà kan náà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìwàásù nípa òkun tó pín sí méjì láti kékeré, kí ni èèyàn tó ń fò lójú ọ̀run fẹ́ fi yà á lẹ́nu? Àléébù tí mo rí nínú fíìmù wọ̀nyẹn yàtọ̀. Wọn a pa akọni kan, a ó sunkún, a ó nu imú. Nígbà tó bá di apá kejì, wọn a jí i dìde, kò ní sọ ibi tó lọ, kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Àjíǹde kì í ṣe ohun tí à ń fi tan èèyàn padà wá sí sinimá.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwa mẹ́rin la máa ń jókòó yí tábìlì oúnjẹ wa ká láti ṣe eré tiwa. Ezra ló hùmọ̀ eré náà. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe ní Apple Junction. Ó ya àwòrán Festac sórí páálí ńlá kan, láti First Avenue títí dé etí kánáàlì. Oníkálukú wa ní akọni tirẹ̀. Ezra a máa sọ ìtàn, àwa a máa ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí akọni wa fẹ́ ṣe yóò bọ́ sí i. Kúlísúmù ni ẹnì kejì tó ń wá. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Amúwo, Mùsùlùmí ni, ó sì mọ orin ìjọ wa ju àwọn akọrin wa kan lọ. Akọni tirẹ̀ lè gbé tírélà. "Kí wọ́n sáà kúrò lójú ọ̀nà wa," ló máa ń wí.

Ẹnì kẹrin ni Dádì mi, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá Fáìlì ni akọni tirẹ̀. Agbára Ọ̀gá Fáìlì ni pé nǹkan kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Dádì fúnra rẹ̀ ló ń sọnù. Iyè rẹ̀ ti ń rá. Mo lè sọ orúkọ mi fún un láàárọ̀, kó béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án pé ọmọ ta ni mí. Ó ti jáde nílé lẹ́ẹ̀kan rí tí a wá a títí, kó tó di pé a rí i ní Trade Fair, ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó jókòó wẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ó ní òun ń dúró de ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Charles, tó ń gbé ní Àbújá, gbọ́. Ó ní bí Dádì bá tún sọnù pẹ́nrẹ́n, òun ń bọ̀ wá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà, tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kì í ṣe ìkà ni Charles. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí Dádì bá kúrò nínú ilé yìí, kò ní rántí mi mọ́.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, òjò ṣú. Wọ́n ti mú iná lọ. Fáànù dúró. Ibi gbogbo dákẹ́ bí ìgbà tí ìjọ bá di ojú.

Mò ń ṣàròyé lọ́wọ́ ní tèmi. "Ẹ wo fíìmù àná," ni mo wí. "Akọni náà gba ìyá àgbà kan lábẹ́ ilé tó wó. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín títì. Ó fò lọ. Ta ló sin màmá délé?"

"Wọn ò lè wọ kẹ̀kẹ́?" Kúlísúmù béèrè.

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ́?"

"Àǹtí Bímpé, akọni ni wọ́n pè é. Wọn ò pè é ní dẹ́rẹ́bà."

"Ẹni tó gbà ọ́ là tí kò mú ọ délé, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe."

Dádì gbójú sókè. "Ní ọ́fíìsì wa," ó ní, "a ò ní fọwọ́ sí irú ẹ̀."

Ezra rẹ́rìn-ín. Ó fa páálí rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn. Ó ní àwọn akọni wa ti dé orí afárá kánáàlì. Ó ní ìkùukùu bo omi. Ó ní ẹnì kan dúró níwájú.

"Ó ga," ni Ezra wí. "Ó wọ aṣọ òjò aláwọ̀ eérú. Ẹ ò rí ojú rẹ̀."

"Wọ́n ti gbé ọlọ́ṣà dé," Kúlísúmù wí.

"O ò mọ ẹni tó jẹ́, o ti ń pè é lólè." Dádì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀ sí páálí náà. "Ẹ káàsán o."

Ó ju dáìsì. Dáìsì yí gbiri, ó dúró.

Ohùn kan sì dáhùn. "Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí má ṣe dá rìn mọ́. Ẹni tó bá jáde, kí n bá a jáde. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí n bá a wọlé."

"Àmín," la dáhùn.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí a dáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń jí wa fún àdúrà òwúrọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣàdúrà nínú ọkọ̀, nínú báńkì, lórí ìlà tí a ti ń pọn omi, ẹnu wa ti gbà á kí etí wa tó gbọ́ ọ tán. Kúlísúmù náà bẹ́ẹ̀. A kì í bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń ṣe é.

Mo wá wo Ezra. Ike omi wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé omi mì. A gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ta ló sọ ìyẹn?" ó béèrè.

"Ìwọ náà ni," Kúlísúmù wí.

"Omi wà lẹ́nu mi."

"Ezra, mi ò fẹ́ràn irú eré yìí."

"Mo ní omi wà lẹ́nu mi, Kúlísúmù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti rántí ohùn náà. Ó rẹlẹ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tó dúró súnmọ́ ọmọ tó ń sùn, tí kò fẹ́ jí i. Dádì nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń kó dáìsì padà sínú ife.

"Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni," ó wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dádì sọnù.

Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń ká aṣọ lórí okùn nítorí òjò ń bọ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, àga rẹ̀ ti ṣófo. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo pe Ezra. Mo pe Kúlísúmù. Ezra wá gbogbo Apple Junction. Kúlísúmù gun ọ̀kadà lọ sí Trade Fair, ó padà láìrí i. Òjò dé, ó wá rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da kànga sílẹ̀. Fóònù mi ń dún. Charles ni. Mi ò gbé e, kó má baà gbọ́ pé Dádì sọnù. Mo dúró sí pálọ̀, mi ò lè gbàdúrà.

Wọ́n kan géètì.

Dádì ni. Òun nìkan ló dúró níbẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, mo sì rí ohun tí mi ò lè ṣàlàyé. Ọ̀tún rẹ̀ tutù rinrin, láti èjìká dé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Òsì rẹ̀ gbẹ. Ó gbẹ fúrúfúrú, bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bí ìgbà tí ẹnì kan tó ga bá rìn mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé òjò bọ̀.

"Ta ló mú yín wá?"

"Ọmọkùnrin yẹn."

"Ọmọkùnrin wo, Dádì?"

"Kò jẹ́ kí n rìn lápá ibi tí mọ́tò wà." Ó ń bọ́ bàtà. "Mo ní kó wọlé. Ó ní kì í ṣe lónìí."

Ó pe orúkọ mi. Ó ní, "Bímpé, ṣé tíì wà?" Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ mi láìsí pé mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta jókòó sí iwájú ilé. Dádì wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò.

"Ẹ jẹ́ á sun páálí náà," Ezra wí. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Páálí kọ́ ló sin ín wálé," Kúlísúmù dáhùn. "Àǹtí Bímpé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀mí. Kí lẹ rí sí i?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n wí. Mo ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù ju iye ìgbà tí mo lè rántí. Ẹ̀mí tí a kò bá mọ̀, kí a dán an wò. Ohun tí kò bá sọ orúkọ rẹ̀, kí a lé e jáde. "N óò gbàdúrà lé e jáde," ni mo wí.

"Tó bá wá jẹ́ pé áńgẹ́lì ni ńkọ́?"

"Áńgẹ́lì kì í tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó ń ju dáìsì."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Rédíò inú ilé dákẹ́. Dádì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. A ò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

"Bí ẹ bá lé e," ó béèrè, "ta ni yóò máa mú mi bọ̀?"

Kò bínú. Ó kàn béèrè ni, bí ẹni tó ń béèrè iṣẹ́ tó kàn.

Nígbà tí Sátidé tún dé, a ò ṣeré. Mo fi àgádágodo ti géètì. Mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró mi. Mo wọ yàrá lọ, mo kúnlẹ̀. Mo ti gbààwẹ̀ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, ẹnikẹ́ni tí a kò pè..."

Mo dúró. A ti ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní a kò pè é, irọ́ ni, lórí ìkúnlẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, ẹni tí a pè láìmọ̀..." Ojú Dádì wá sí mi lọ́kàn, àti òsì aṣọ rẹ̀ tó gbẹ. Mi ò rí ìyókù àdúrà náà. Mo wá a bí èèyàn ṣe ń wá òrùka nínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ilé ti dákẹ́ jù.

Àga Dádì ti ṣófo.

Mo sáré dé géètì. Àgádágodo wà níbẹ̀, ó tì pa. Mo fọwọ́ kan etí ìró mi. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Mo ṣí i. Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń ta. Kò sí èèyàn ní òpópónà wa. Mo dúró síbẹ̀. Mi ò pariwo. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mò ń wo ìkángun òpópónà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Fifth Avenue.

Dádì yọ.

Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè díẹ̀, bí a ṣe ń bá ẹni tó ga ju wa lọ sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó mi orí. Ajá àwọn aládùúgbò wa, tó máa ń gbó mọ́ èmi tí mò ń fún un légungun, dìde, ó wò wọ́n, ó sì tún dùbúlẹ̀. Mo kọ "wọ́n" nítorí ohun tí ajá náà wò: ó wo Dádì, lẹ́yìn náà ó wo ibi tó ga ju Dádì lọ.

Wọ́n dé géètì. Mo ní wọ́n dé. Dádì ni mo rí.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì."

"Bímpé," ó wí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún gbójú sókè. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe fún àlejò pàtàkì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé, jàre."

Ó dúró. Èmi náà dúró. Òjò ń ta sí mi lójú. Afẹ́fẹ́ kan kọjá lápá mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òjò sì dáwọ́ lórí mi fún ìwọ̀nba ìgbà tí ẹnì kan fi lè gba ẹnu géètì wọlé. Orúkọ Jésù wà lẹ́nu mi. Mo pè é. Mo pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn. Kò sí ohun tó sá. Kò sí ohun tó dáhùn.

Dádì wọlé, ó ń béèrè tíì.

Mo ti géètì. Títí di òní, mi ò mọ iye wa tí mo tì mọ́ inú ilé.