Aṣọ Ìgbéyàwó Hulda

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, orí òṣùwọ̀n ni Verna wà. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn obìnrin ìlú kékeré wọn ní Minisótà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń pàdé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn láti mọ ẹni tó rù àti ẹni tó sanra sí i. Verna ti bọ́ bàtà, ó ti yọ yẹtí, kí wọ́n má baà kún ìwúwo rẹ̀.

"Pọ́n-ùn kan lé!" ni Ìyá Gunderson, olórí ẹgbẹ́, ké.

Àwọn yòókù mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni àlùfáà sọ̀kalẹ̀ wá, ó di fìlà rẹ̀ mú láyà.

"Verna, ọmọ mi, màmá rẹ sùn lánàá, kò jí mọ́."

Verna sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó ń wá bàtà tó wà níwájú rẹ̀ kiri.

Ìdí òṣùwọ̀n yìí kan náà ló ti pàdé Arlen ní ọdún méjì sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìjọba ni Arlen ń ṣe. Òun ló ń yẹ òṣùwọ̀n wò káàkiri, ti alápatà, ti àgbẹ̀, ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó gbé àpótí irin ìwọ̀n rẹ̀ wọlé.

"Ọkùnrin kì í wọ ibí o!" ni Ìyá Gunderson fi pàdé rẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá. Òṣùwọ̀n ni mo wá wò, mi ò ní wo ènìyàn."

Ó to irin sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó họ orí. "Òpùrọ́ ni nǹkan yìí. Pọ́n-ùn mẹ́ta ló ń fi kún ti gbogbo yín."

Ariwo sọ.

"Mẹ́ta! Odindi ọdún tí mi ò fẹnu kan búrẹ́dì!"

"Èmi tí mò ń po ìyẹ̀fun amúnirù inú agolo mu bí ọmọ ọwọ́ ńkọ́?"

Verna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Arlen ń wò ó, ó sì gbàgbé irin kan sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá mú un, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí irin ló ṣe wá.

Ìfẹ́ wọn dùn. Aṣọ ni ìdènà. Hulda, ìyá Verna, ti sọ pé aṣọ tí òun wọ̀ lọ sílé ọkọ ni ọmọ òun yóò wọ̀, ìbàdí aṣọ náà sì fún bí ọrùn ìgò. Àwòrán àwọn obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gé nínú ìwé ìròyìn ló lẹ̀ mọ́ fíríìjì. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣe páì ápù bíi tirẹ̀. Yóò gé e fún gbogbo ilé, yóò dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán. Òun fúnra rẹ̀, ẹyin sísè kan àti kọfí dúdú. Verna kò rí i rí kó jókòó jẹ páì ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú.

"Olólùfẹ́ mi, ṣé aṣọ ni mo fẹ́ gbé níyàwó ni?"

"Arlen, tí mi ò bá wọ̀ ọ́, ojú á ti màmá mi."

"Ó dáa. Mò ń dúró. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, jẹun."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn méjèèjì ṣí àpótí aṣọ náà. Hulda ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti rán sátínì tuntun mọ́ ọn, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Abẹ́rẹ́ ṣì wà ní ìṣẹ́tí, pẹ̀lú òwú nínú rẹ̀. Ó fi pínnì de ìwé kékeré kan mọ́ ọn: "Verna, ó kù díẹ̀ kí n parí. Má dúró mọ́. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Verna wọ̀ ọ́. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ta ló sọ ìwọ̀n mi fún un? Ó pẹ́ tí mo ti jẹ́ kó fi téèpù kàn mí kẹ́yìn."

Arlen wolẹ̀. "Ó bi mí. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, 'Ìwọ tó ń wọn gbogbo ìlú!' Ló bá ní kí n ká ọwọ́ mi bí mo ṣe máa ń dì mọ́ ọ. Àyè tó wà láàárín ọwọ́ mi ló fi téèpù wọ̀n."

Verna bú sẹ́kún. Abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ náà ló fi parí ìṣẹ́tí.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Ìyá Gunderson wá mú un. Ó bá a nínú aṣọ funfun ní ìdí tábìlì Hulda, páì ápù gbígbóná níwájú rẹ̀.

"Verna! Àlùfáà ti ń dúró! Aṣọ á fún ọ o!"

"Kò ní fún mi, mà."

Ó fa àga ìyá rẹ̀ jáde, ó jókòó sí i, ó gé páì kan tó nípọn, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi ìka kó èérún tó kù nínú àwo.