Ẹ̀yin Mélòó Lẹ̀ Ń Sùn Nínú Ilé Yìí?

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Sìdí tó ń ránṣọ nílé ń dín dòdò ní fúláàtì rẹ̀ ní South Thamesmead, ní London, nígbà tí Dókítà Anisah kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, lára Sìdí ni.

Dókítà Anisah kì í fún èèyàn lábẹ́rẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú dókítà wo nìyẹn. Láti ọdún méjìlélógún, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọpa àrùn kó má baà ràn kálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ì bá wá, àmọ́ ó ní ọmọ Yorùbá lòun náà, kí òun fúnra òun lọ.

"Auntie, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń sùn nínú ilé yìí?"

"Èmi àti Ikram ọmọ mi nìkan."

Dókítà wo bàtà ọmọdé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ikram ti pé ọmọ ogún ọdún.

"Auntie, èmi kì í ṣe ará council, èmi kì í ṣe Home Office. Test yẹn free ni, oògùn náà free ni, kò sẹ́ni tó máa béèrè visa. Ọmọdé ni TB máa ń tètè ṣe léṣe jù. Bàtà ta nìyẹn?"

"Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n kàn wá kí wa ní Sunday."

Irọ́ gbuu. Àánú, tí visa rẹ̀ ti tán, àti Tamílọ́rẹ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló háyà yàrá kejì, káńsù tó ni ilé kò sì gbọdọ̀ gbọ́ pé Sìdí gba ayálégbé sínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yìí, Àánú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Dókítà kọ "méjì" sínú ìwé, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibà mú Tamílọ́rẹ, ó ń bì, ó ń sùn ṣáá. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù ọsibítù, ó ń fún un ní parasitámọ̀ títí ọmọ fi dákú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n rí i pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dé ọpọlọ rẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti di.

Sìdí kúnlẹ̀ níwájú Dókítà Anisah. "Ẹ̀rù ló bà mí. Council á lé mi jáde."

"Ẹ dìde, ma. Ká ní ẹ sọ pé mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn ni, à bá ti fún un ní oògùn tó máa dènà ẹ̀. Twenty-two years ni mo ti ń béèrè question kan yìí, irọ́ lẹ̀yin èèyàn fi ń dá mi lóhùn. Inú ń bí mi, Auntie."

Inú ń bí èmi tí mò ń sọ ọ́ náà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Káńsù lè gba ilé, ilé á ṣì wà níbòmíì. Lónìí, Àánú ń pe ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọmọ kò yíjú padà.

Tí ikọ́ yín bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ẹ mélòó nínú ilé, ẹ ka gbogbo yín, títí kan ẹni tó fara pamọ́ sí yàrá.