Ẹrù Tí Ilé Ajíbógun Kò Kà

Ní ayé ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti kọ́ ìlú sórí òkun, tí ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ sì ń ti oko ojú sánmà wá, ilẹ̀kùn lásán ló kó Ilé Ajíbógun sí wàhálà.

Alájà mẹ́sàn-án ni ilé náà, gbogbo ilẹ̀kùn tó wà lápá òkun ló sì ń há. Wọ́n pe káfíńtà, ó fá ìdí wọn. Kò pẹ́, wọ́n tún há. Ó fá wọn títí tó fi ku díẹ̀ kí wọ́n di pátákó ìfọṣọ, kí àwọn ará ilé tó rántí pé àwọn ní ọmọ tó ń ṣe ẹnjiníà.

Ìbíyẹmí ni ọmọ náà. Nígbà tó dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń yẹ ilé wò ní ìlú Òkun-Ìrọ̀rùn, ìtàn kan náà ló sì máa ń bá pàdé: àwọn èèyàn á ṣe ohun tó wù wọ́n, ìgbà tó bá fẹ́ bàjẹ́ tán ni wọ́n á ní kó wá wò ó.

Kò tíì yọ irinṣẹ́ kankan. Ó mú ọsàn kan lórí tábìlì, ó gbé e sílẹ̀. Ọsàn náà rò ó díẹ̀, ó wá yí lọ sí apá òkun, kò sì dúró títí tó fi kan etí sàréè.

Àṣà wọn níbẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn baba wọn kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní ju òkú àwọn sómi, àwọn ò sì ní sin ín síta bí ẹni tí kò nílé. Bí àgbà bá kú, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kó erùpẹ̀ wá láti ìlú baba wọn, wọ́n á mọ àpótí gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá tó kọjú sókun, wọ́n á sì sin ín síbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ràn òbí rẹ̀ gan-an á kó erùpẹ̀ tó pọ̀.

Ọ̀mọ̀wé Kúforíjì ti dé síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òun ló ṣe amọ̀ alààyè tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ìlú náà. Kòkòrò tíntìntín ló ń gbé inú amọ̀ yìí. Bí ògiri bá sán, wọ́n á pọ ẹfun jáde, wọ́n á fi dí ojú ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun náà ló ṣe atẹ́tí-ògiri, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ilé ṣe ń mí.

“Ẹnjiníà, ẹ wo ògiri yìí, ó ń dán,” ó ní. “Atẹ́tí-ògiri ní ara ilé yìí le koko. Bí ògiri ò bá lanu, ibo ni aláǹgbá fẹ́ gbà wọlé?”

“Ẹ bá mi bi í pé kí ni ẹrù tó mọ̀ pé ilé yìí gbé.”

Ẹ̀rọ náà kà á: bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, táǹkì omi, èèyàn. Kò dárúkọ erùpẹ̀ rárá.

Ìbíyẹmí yíjú sí Bàbá Láńgbòkun, baálé ilé náà. “Bàbá, ta ló ń sọ ohun tó wà nílé fún un?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ò wá dárúkọ àwọn sàréè?”

“Ó bi mí léèrè ẹrù!” Ojú bàbá náà le. “Ṣé o fẹ́ kí n ka bàbá mi mọ́ fíríìjì ni?”

Ìbíyẹmí yọ òòlù nínú àpò rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ilé tí wọn ò ti dá ẹ̀rọ náà lóhùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ilé, Ọ̀mọ̀wé àti baálé tẹ̀ lé e. Ó fi òòlù kan òpó apá ilẹ̀, ó dún kíki. Ó kan ti apá òkun, ó dún bí agbè òfìfo. Nígbà tó lu ihò sí i, ìyẹ̀fun ló ń dà jáde. Inú òpó ni àwọn kòkòrò náà ti ń bu ẹfun tí wọ́n fi ń dí ojú ògiri lókè. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ ni ògiri ń sán, bí ògiri ṣe ń sán ni wọ́n ń jẹ òpó láti fi tún un ṣe.

Ọ̀mọ̀wé Kúforíjì fi ọwọ́ gba ìyẹ̀fun náà. “Mo ṣe é kí ilé má baà wó ni.”

“Mo mọ̀, Ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ilé bá sán, ó ń ké ni. Ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́, ilẹ̀kùn ló kù tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká da amọ̀ tuntun sí i.”

“Amọ̀ tútù, ẹrù náà ni. Kò sì ní gbẹ kí ìgbì ìgbà òjò tó dé.”

“Ẹ jẹ́ ká wó o, nígbà náà.”

“Kí gbogbo ará ilé wá lọ sùn síbo? A kì í tìtorí pé ẹnìkan ń ṣàìsàn ká gbẹ́ sàréè rẹ̀ sílẹ̀.” Ó nu ojú rẹ̀. “Kí gbogbo èèyàn bọ́ sí apá ilẹ̀. Ká fi òpó irin tó ń yí sókè bíi jáàkì ọkọ̀ ti apá òkun, ká máa yí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ká sọ ẹrù náà kalẹ̀. Òkè la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Bàbá Láńgbòkun lóye ohun tó ń sọ. “Níṣojú mi kọ́! Wọ́n á ní nígbà tèmi ni wọ́n hú àwọn baba mi jáde?”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá. Àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ wọn.”

“Ó dáa. Bó bá jẹ́ ẹrù ni wọ́n, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tìrẹ.”

Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á dá a dúró ni. Kò mọ̀ pé láti ìgbà tí ọsàn ti yí ni Ìbíyẹmí ti mọ̀ pé ìyá òun ló máa kọ́kọ́ kàn. Àjà kẹsàn-án ni ìyá rẹ̀ wà, erùpẹ̀ tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù nílé náà. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti ki àwọn òpó irin bọ abẹ́ ilé, òun fúnra rẹ̀ ló mú ṣọ́bìrì. Àwọn ìbátan rẹ̀ ń rọ erùpẹ̀ sí àpò, wọ́n ń fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tí yóò kó o padà sí ìlú baba wọn. Nígbà tó kan aṣọ, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wà á. Òun àti ìbátan rẹ̀ kan gbé ìyá náà jáde. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó yà á lẹ́nu, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Láńgbòkun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. “Ìbíyẹmí, ṣé ó wúwo?”

Kó tó lè fèsì, wọ́n yí òpó irin nísàlẹ̀, ilẹ̀ yàrá náà mì díẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fá títí sì rọra ti ara rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀.

Bàbá náà ṣí i, ó tún tì í. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

“Gbé ṣọ́bìrì yẹn fún mi. Bàbá mi ló kàn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ ti sùn rí, ó ti ẹ̀yìn mọ́ ògiri. Ilé náà kò ní wó mọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú yàrá náà mọ́ tó lè sọ ọ́ fún.